Ilẹ̀ Ni Sáàfù Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tẹ́nìsì kan ní Ìbàdàn, mò ń wo ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ bó ṣe ń gbá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan. Ó gbá mẹ́wàá. Méje kọ́ àwọ̀n, méjì fò kọjá ìlà, ẹyọ kan péré ló wọlé, ìyẹn náà sì rọra já bọ́ bí ewé gbígbẹ. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi ń dá sí i. "Fi agbára sí i!" "Gbé apá sókè dáadáa!" Bí wọ́n ṣe ń pariwo ni apá ọmọ náà túbọ̀ ń le, tí èjìká rẹ̀ ń sún mọ́ etí.

Kóòṣì rẹ̀ kò bá wọn pariwo. Àgbàlagbà ni, oòrùn ti mú kí fìlà rẹ̀ ṣá. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ló tẹjú mọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù kan lé e lọ́wọ́, ó wá nawọ́ sí igi máńgò tó wà lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé o rí èyí tó pọ́n lókè yẹn?"

"Mo rí i, sà."

"Ó yá, sọ ọ́ lókò."

Ọmọ náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ igi náà, ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ó tẹ orúnkún, ó na ọwọ́ òsì sí máńgò bí ẹni ń júwe rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì yí láti ìbàdí wá kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ba máńgò, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi tàsé, bọ́ọ̀lù náà sì lọ jìnnà réré. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ òsì ló fi dúró. Kò fì, kò yẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Ìyẹn ni sáàfù. Èyí tí ò ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìjà lò ń bá bọ́ọ̀lù jà."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ sí pápá tẹ́nìsì, mo sì ti rí oríṣiríṣi ẹni tí sáàfù ń dà láàmú. Ọ̀pọ̀ wọn ló lọ ra rákẹ́ẹ̀tì tuntun. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin kí apá wọn lè yi. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wo ẹsẹ̀ ara wọn. Èmi ti wá gbà báyìí pé sáàfù kì í sábà bàjẹ́ láti apá tó di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ilẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ wá, láti ẹsẹ̀ tí kò rinlẹ̀, àti láti ọwọ́ òsì tó ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò yẹ. Apá ọ̀tún kàn ń ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi ni. (Ẹni tó bá ń lo ọwọ́ òsì, kó máa fi òsì rọ́pò ọ̀tún bó ṣe ń kà á lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni.)

Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí à ń gbá nínú tẹ́nìsì, sáàfù nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í gbá sí wa kí a tó gbá a. Àwa la mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, àwa la sì yan ibi tí a fẹ́ dúró sí lẹ́yìn ìlà. Nínú ìdíje ńláńlá, ìṣẹ́jú-àáyá 25 ni wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ gbá a láti múra, bí àkọ́kọ́ bá sì bàjẹ́, òfin fún un ní ẹ̀kejì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá, ó ṣòro láti borí. Nínú ìdíje Wimbledon ọdún 2010, John Isner ará Amẹ́ríkà àti Nicolas Mahut ará Faransé fi ọjọ́ mẹ́ta gbá ìfigagbága kan ṣoṣo. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 5 ló gbà wọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí sáàfù ẹnì kejì rẹ̀ já. Isner gbá éèsì 113, ìyẹn sáàfù tó wọlé tí alátakò kò lè fọwọ́ kàn; Mahut gbá 103. Sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn parí sí 70 sí 68.

Isner ga ní mítà 2.08, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì kọ́kọ́ sọ ni pé gíga rẹ̀ ni. Mo gbà pé gíga ń ṣèrànwọ́. Ẹ jẹ́ ká fi okùn wọ̀n ọ́n, ká lè mọ bí ó ṣe ń ṣèrànwọ́ tó.

Pápá tẹ́nìsì gùn ní mítà 23.77. Láti ìlà ẹ̀yìn tí à ń dúró sí dé ìdí àwọ̀n, mítà 11.885 ni. Láti àwọ̀n dé ìlà tí sáàfù kò gbọ́dọ̀ kọjá, mítà 6.40 ni. Àwọ̀n fúnra rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 91.4 ní àárín gbùngbùn. Ẹ wá mú okùn kan, ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ ìlà sáàfù lọ́hùn-ún, ẹ fà á gba orí àwọ̀n kọjá láàárín pápá títí dé ìlà ẹ̀yìn, kí ó le dan-in. Níbi tí okùn náà bá dé lókè ìlà ẹ̀yìn, yóò ga ní mítà 2.61 sílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní gbọnrangandan, kó gba orí àwọ̀n kó sì wọlé, ó gbọ́dọ̀ gbá a níbi tó ga ju mítà 2.61 lọ. Ilẹ̀ ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ díẹ̀, yíyí bọ́ọ̀lù sì ń ràn wá lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá má lè gbá sáàfù rárá.

Ẹni tó ga ní mítà 1.75, bó bá na ara, apá àti rákẹ́ẹ̀tì tán pátápátá, bíi mítà 2.6 náà ni yóò tó. Kò sí àlékún. Nígbà náà, tí ara rẹ̀ bá fì sápá òsì, tàbí tó bá ti ìbàdí tẹ̀ síwájú torí pé bọ́ọ̀lù jìnnà sí i, ó ti pàdánù bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Sẹ̀ǹtímítà 20 yẹn ni bọ́ọ̀lù fi ń kọ́ àwọ̀n. Ohun tí mò ń wí nìyí nígbà tí mo bá ní kí ara dúró déédéé. Ẹwà kọ́ ni mò ń wá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dúró ṣinṣin máa ń ga ju ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fì máa ń kúrú sí i.

Ojú wa rí i kedere ní Australia ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ashleigh Barty, tó ga ní mítà 1.66 péré, gba Australian Open nílé ara rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ náà tó gbà á ní ti ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan láti ọdún 1978. Sáàfù rẹ̀ wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Ní oṣù kan náà, ní orílẹ̀-èdè kan náà, Aryna Sabalenka, tó ga ní mítà 1.82, tó sì wà ní ipò kejì lágbàáyé nígbà náà, kò lè fi bọ́ọ̀lù sínú àpótí tí sáàfù gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ Sabalenka yìí yẹ ká dúró tì í. Ní Adelaide, kí Australian Open tó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ìdíje méjì tẹ̀léra, ó sì fìdí rẹmi nínú ìfigagbága àkọ́kọ́ nínú méjèèjì. Nínú èyí ìṣáájú, ó ṣi sáàfù méjèèjì gbá ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ṣi méjèèjì gbá bẹ́ẹ̀, ó ti fún alátakò ní àmì láìjẹ́ pé ẹni yẹn gbé ẹsẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ nínú pápá. Ó dé ibi tó ń ti ìsàlẹ̀ gbá a, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kí ó ṣáà lè rí i gbá sí òdì kejì. Òfin gbà á láyè, nítorí ohun tí òfin béèrè kò ju pé kí o gbá bọ́ọ̀lù kó tó kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn ún wò kí àgbà eléré ìdárayá dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún 2022 fi máa parí, irú àṣìgbá méjì bẹ́ẹ̀ ti ju 400 lọ lọ́rùn rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn sọ pé ọkàn rẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà á, wọ́n ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Ó ti gbìyànjú ìyẹn náà. Ohun tó wá yí nǹkan padà ni pé, nínú ọdún náà, ó gbà kí Gavin MacMillan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tú sáàfù rẹ̀ palẹ̀ kó sì tún un tò. Ara ni wọ́n tún ṣe. Nígbà tí ara mọ ọ̀nà, ọkàn tẹ̀ lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọdún kan péré lẹ́yìn omijé Adelaide, Sabalenka gba Australian Open. Elena Rybakina ló nà, 4–6, 6–3, 6–4, pẹ̀lú éèsì 17. Nígbà tó ku àmì kan ṣoṣo kó gbà á, ó tún ṣi sáàfù méjèèjì gbá. Ẹ wo irú ìgbà tí ìbẹ̀rù ì bá padà wá! Ṣùgbọ́n ó tún dúró sí ìdí ìlà, ó tún ju bọ́ọ̀lù sókè, ó sì parí rẹ̀ ní ìgbìyànjú kẹrin. Coco Gauff ará Amẹ́ríkà náà rí irú ìyọnu yìí: ní US Open ọdún 2024, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ló ṣi méjèèjì gbá nínú ìfigagbága tó ti jáde. Ní ọdún 2025, MacMillan kan náà ló lọ bá.

Mi ò sọ pé kò sí ìbẹ̀rù. Mo ti rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí àmì bá di ọgbọ̀n sí ogójì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká má ṣe máa sọ fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ pé kó lọ ní ìgboyà. Ìgboyà wo ló fẹ́ ní lórí ẹsẹ̀ tó ń yẹ̀?

Báwo wá ni ẹsẹ̀ ṣe yẹ kó wà? Fún ẹni tó ń lo ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì á wà níwájú, ìwọ̀nba díẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ọmọ ìka rẹ̀ á kọjú sí òpó àwọ̀n tó wà lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lẹ́yìn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ bí ìlà ṣe dùbúlẹ̀, àlàfo àárín wọn á tó fífẹ̀ èjìká. Àyà kò ní kọjú sí àwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ni. Gẹ́lẹ́ bí ọmọ yẹn ṣe dúró níwájú igi máńgò.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Àwọn bíi Pete Sampras àti Roger Federer máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà títí wọn yóò fi fò sókè. Àwọn bíi Serena Williams àti Rafael Nadal máa ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá bá ti iwájú kí wọ́n tó fò. Méjèèjì ló ti gba ife. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi mí, tí kò sì tíì mọ sáàfù gbá dáadáa, mo máa ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ lè fà á kọjá ààlà, ìbàdí á sì ti ṣí sí àwọ̀n kí àkókò tó tó; agbára tó yẹ kó wà fún bọ́ọ̀lù á ti tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹsẹ̀ bá kan ìlà kí o tó gbá bọ́ọ̀lù, àṣìgbá ni wọ́n máa pè é.

Orúnkún ló kàn. Ẹ wo obìnrin tó mọ iyán gún. Apá rẹ̀ kọ́ ló ń gún un. Orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń bá a lọ, ọmọ odó sì ń já wọlé bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló wúwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi apá nìkan gún iyán, kò ní tíì dé ìdajì tí èjìká á ti máa dùn ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sáàfù. Àwọn tó ń ṣèwádìí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré ìdárayá ti fi hàn pé ju ìdajì agbára tó ń lọ sínú sáàfù lọ ló ń wá láti ẹsẹ̀ àti àárín ara. Ilẹ̀ ni èèyàn ń tì, ẹsẹ̀ á gbé e fún ìbàdí, ìbàdí á gbé e fún àyà, àyà á gbé e fún èjìká, kó tó dé apá, kó tó dé ọwọ́. Bí ọ̀kan bá já níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á ru ẹrù méjì. Èjìká ló sábà máa ń gbẹ̀yìn ru gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èjìká àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fi ń dun ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń gbá tẹ́nìsì pẹ́.

Orí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orí àgbàlagbà wúwo tó bíi kìlógíráàmù 5, ibi tó bá sì yà sí ni ara ń tọ̀. Ọmọ tó ń kiri ọsàn mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ó lè sáré kọjá títì, ó lè bẹ̀rẹ̀ gba owó, àtẹ kò ní já bọ́, torí pé orí rẹ̀ kì í ṣàdédé yà. Nínú sáàfù, ojú gbọ́dọ̀ wà lókè títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lójú rákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń yára wolẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó wọlé. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá ti wálẹ̀, èjìká á tẹ̀ lé e, apá á kúrú, àwọ̀n á gba tirẹ̀.

Ní báyìí, ọwọ́ òsì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró pẹ́ díẹ̀, torí pé òun ni wọn kì í kọ́ wa. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́. Nínú sáàfù, òsì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ ọ̀tún. Bí ó bá ju bọ́ọ̀lù dáadáa, ara á dúró déédéé fúnra rẹ̀. Bí ó bá jù ú sẹ́yìn, ẹ̀yìn á tẹ̀. Bí ó bá jù ú sápá òsì, ìhà á fì. Ara ń sáré tọ bọ́ọ̀lù ni, kò sì sí ẹsẹ̀ tó lè dúró ṣinṣin lábẹ́ ara tó ń sáré.

Ẹ di bọ́ọ̀lù mú pẹ̀lú orí ìka bí ẹni di ẹyin mú. Kó má wọ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ na apá tán, kó máa gòkè láti èjìká, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbé ife omi tó kún dé etí fún ẹni tó wà lókè. Ìgúnpá kò gbọ́dọ̀ ká, ọrùn ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ já. Nígbà tí ọwọ́ bá dé ọ̀gangan iwájú orí, ìka á ṣí, bọ́ọ̀lù á kúrò, ọwọ́ á ṣì máa lọ sókè títí á fi júwe rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀lù náà nígbà tó wà lókè. Bí ẹ bá lè kà á, ọwọ́ yín tọ́. Bí ó bá ń yí gbirigbiri, ìka ló fà á, tàbí ọrùn ọwọ́ ló jù ú.

Ibo ló yẹ kó wà? Ẹ gbé rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, kí orí rẹ̀ kọjú sí inú pápá. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sókè, ẹ má gbá a, ẹ jẹ́ kó já bọ́. Ó yẹ kó já lé orí rákẹ́ẹ̀tì náà tàbí kó já sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún díẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó bá rí mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti gbìyànjú gidi, mo sì mọ àwọn tó ti ń gbá tẹ́nìsì fún ogún ọdún tí wọn kò lè rí mẹ́ta.

Gíga rẹ̀ náà ní ìṣirò. Bọ́ọ̀lù tó bá já bọ́ láti mítà 1 lókè ibi tí o ti fẹ́ gbá a, nígbà tó bá fi dé ibẹ̀, ó ti ń sáré bíi mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 25 péré kò sáré ju mítà 2.2 lọ. Èyí kejì rọrùn láti gbá ní ìlọ́po méjì, kò sì ní jẹ́ kí ẹ dúró dè é títí orúnkún á fi nà tán. Ẹ má jù ú dé ọ̀run. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé ewé kiri, ọ̀rọ̀ náà tún wá ṣe pàtàkì jù, nítorí bọ́ọ̀lù tó pẹ́ lókè ni afẹ́fẹ́ ń rí gbé.

Òfin kan sì wà tí àwọn èèyàn wa kì í lò, bóyá torí ojú ń tì wọ́n. Bí o bá ju bọ́ọ̀lù sókè tí kò lọ síbi tó yẹ, tí o kò sì tíì ju rákẹ́ẹ̀tì sí i, o lè fi ọwọ́ mú un tàbí kó já bọ́, kí o tún un jù. Kò sí ìyà níbẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń lé bọ́ọ̀lù burúkú kiri? Ẹ mú un, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá ti gbọ́n, kò sẹ́ni tó lè ka ọkàn rẹ̀. Nígbà tí Sampras wà ní kékeré, Pete Fischer tó kọ́ ọ máa ń dúró títí bọ́ọ̀lù á fi wà lókè kó tó sọ irú sáàfù tó fẹ́ kó gbá. Ọmọ náà wá kọ́ bí a ṣe ń ju gbogbo wọn sókè bákan náà. Nígbà tó dàgbà, àwọn alátakò kò rí àmì kankan dìmú lára rẹ̀.

Dídi rákẹ́ẹ̀tì mú kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ dì í mú bí ẹni fẹ́ fi àáké la igi, kí ẹ má sì fún un pa. Bí ó bá ń gòkè lọ bá bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ṣíwájú bí ojú àdá. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni apá á yí i, tí okùn rẹ̀ á fi kọjú sí bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá gbá a tán, àtẹ́lẹwọ́ á ti kọjú síta. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ti kọjú sí àwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ń ti bọ́ọ̀lù ni, kò gbá a.

Sáàfù kejì ni mo ti ń rí ìbànújẹ́ jù. Èyí àkọ́kọ́ á lọ pẹ̀lú ariwo, kò ní wọlé. Ẹni náà á wá dẹ apá rẹ̀, á rọra ta bọ́ọ̀lù sí òdì kejì, alátakò á sì wọlé wá jẹ ẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí apá yára bíi ti àkọ́kọ́, kó kàn yí ọ̀nà padà: kó máa gba abẹ́ bọ́ọ̀lù lọ sókè bí ẹni ń họ ọ́, kí bọ́ọ̀lù lè máa yí síwájú. Bọ́ọ̀lù tó ń yí síwájú, afẹ́fẹ́ ló ń tì í wálẹ̀. Á gba òkè àwọ̀n kọjá dáadáa, á sì tún já sínú àpótí. Ẹ jù ú sún sẹ́yìn díẹ̀ sókè orí, kí ẹ sì tẹ orúnkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gba oṣù mélòó kan kó tó mọ́ni lára. A kì í tojú ogun wẹ́fọ̀n, torí náà sáàfù kejì ló yẹ ká máa fi ìdajì àkókò ìdánrawò wa ṣe, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ tó dùn láti gbá.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ara ti ń dúró déédéé? Kóòṣì ọjọ́ yẹn ní ọ̀nà kan tí mo ti jí lò. Lẹ́yìn tí ọmọ náà bá gbá sáàfù tán, yálà ó wọlé tàbí kò wọlé, ó ní láti dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan nínú pápá, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lókè lẹ́yìn, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ó bá yẹ̀ kó tó ka ẹ̀ta, kóòṣì kò ní bi í níbi tí bọ́ọ̀lù lọ. Ohun tó máa bi í ni pé, "Apá ibo lo yẹ̀ sí?" Bí ó bá jẹ́ apá òsì, bọ́ọ̀lù lọ jìnnà sósì nígbà tó jù ú. Bí ó bá jẹ́ iwájú, ó jìnnà síwájú. Ẹsẹ̀ ló ń sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní kó pa ojú dé, kó ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí bọ́ọ̀lù, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó bá pa ojú dé ló ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ kéékèèké ló ká mi lára jù nínú gbogbo èyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò ga tó mítà 1.4, kò sí bó ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù líle láti ìlà ẹ̀yìn kó sì wọlé láìba ara rẹ̀ jẹ́. Okùn tí a fà lẹ́ẹ̀kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Láti ọdún 2012, àjọ tẹ́nìsì àgbáyé, ITF, ti fi í ṣe òfin pé bọ́ọ̀lù tó rọ̀, tí kì í sáré, ni kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ máa fi ṣe ìdíje. Bí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá ṣòro rí lọ́dọ̀ wa, bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti dín wà káàkiri pápá. Ẹ mú ọmọ wá sí ìlà sáàfù, nítòsí àwọ̀n, kó ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń jù ú àti bí a ṣe ń dúró. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ sún un sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Kò sí ohun tó ń lé wa.

Àwọn ọmọ wa náà lè dé ibi gíga, torí a ti bí ẹni tó mọ tẹ́nìsì gbá rí nílẹ̀ yìí. Èkó ni wọ́n bí Nduka Odizor sí. Ní Wimbledon ọdún 1983, lẹ́yìn tó ti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, ó padà borí Guillermo Vilas, ẹni tí wọ́n tò sí ipò kẹrin nínú ìdíje náà, ó sì lọ títí dé ìpele kẹrin. 

Ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò di ọ̀gá ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí kóòṣì dá rákẹ́ẹ̀tì padà fún un, ó gbá mẹ́wàá mìíràn, mẹ́rin wọlé. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé nínú àwọn mẹ́fà tí kò wọlé, márùn-ún ló gba òkè àwọ̀n kọjá, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì dúró bí òpó lẹ́yìn wọn. Àwọn tó wà lábẹ́ igi ti dákẹ́ nígbà náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra rákẹ́ẹ̀tì mìíràn fún ọmọ tí sáàfù ń dà láàmú, ẹ kọ́kọ́ ní kó sọ bọ́ọ̀lù lókò, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá a fúnra yín náà, bí ẹ bá dé pápá lọ́la, ẹ fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú àpò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù kan àti ọwọ́ òsì ti tó yín bẹ̀rẹ̀.